Kí ló dé tí ẹjọ́ ìlú Nantes fi ń lọ sí Rennes? Ìbéèrè nípa ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Bretagne

ỌmọÀjàṣẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín pátá. Ọmọ Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé ni mo fi ṣe ibùgbé báyìí. Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ṣiṣẹ́ alẹ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé, wọn kò sì san owó iṣẹ́ àṣekún tó tọ́ sí mi. Mo pè wọ́n lẹ́jọ́ ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ní Nantes níbí, mo sì jàre. Ibi tí mo ti ń ṣírò ohun tí n ó fi owó náà ṣe ni lẹ́tà mìíràn ti wọlé pé àwọn ọ̀gá mi àná kò gba ìdájọ́ náà, pé wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àdírẹ́sì tó wà lórí lẹ́tà náà ló yà mí lẹ́nu: Rennes ni, kì í ṣe Nantes.

Nantes ni olú ìlú ẹkùn Pays de la Loire, Rennes sì ni olú ìlú ẹkùn Bretagne. Lójú tèmi, ńṣe ló dà bí ẹni tó ní ẹjọ́ ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ní kó lọ rojọ́ rẹ̀ ní Parakou. Ohun tó tún dà mí láàmú ni pé nígbà tí wọ́n kọ̀ láti fún àbúrò mi ní físà, Nantes yìí kan náà ni wọ́n ní kí a gbé ẹ̀hónú wa wá, lọ́yà tó sì gbà wá nímọ̀ràn nígbà náà sọ pé bí a bá pàdánù, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà ní Nantes ni a ó tún lọ. Ṣé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà ní Nantes ni, àbí kò sí níbẹ̀?

Èyí tó kù ni orúkọ ibẹ̀. «Place du Parlement-de-Bretagne» ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà náà, ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin sì ni èmi mọ̀ sí pàlámẹ́ńtì. Mo wo àwòrán ilé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí ohun kan tó dà bí ààfin ọba, tí àwọn ère tó ń dán bí wúrà dúró sórí òrùlé rẹ̀. Ṣé inú ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ owó iṣẹ́ alẹ́ tèmi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ.

---

Lọ́yàKútọnú fèsì pé:

Ọ̀gbẹ́ni ỌmọÀjàṣẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Kútọnú ni mo ti kọ́ nípa òfin, mo sì bá agbẹjọ́rò kan ṣiṣẹ́ ní Nantes fún ìgbà díẹ̀ kí n tó padà sílé, nítorí náà ojú ọ̀nà Nantes sí Rennes kò ṣàjèjì sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ti físà yẹn, torí òun ló lọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ méjì ni ilẹ̀ Faransé ní, ọ̀kan kì í sì í wọnú èkejì. Ti àkọ́kọ́ wà fún ẹjọ́ láàárín ènìyàn sí ènìyàn, ìyẹn ọkọ àti aya, onílé àti ayálégbé, òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀, ó sì tún wà fún ẹ̀sùn ọ̀daràn. Orí rẹ̀ ni ẹjọ́ yín wà, Cour de cassation tó wà ní Paris ló sì jókòó sórí téńté rẹ̀. Èkejì wà fún ẹni tó bá ní ẹ̀hónú sí ìjọba fúnra rẹ̀: ẹni tí wọn kò fún ní físà, ẹni tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú, ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fún láyè láti kọ́lé sórí ilẹ̀ rẹ̀. Conseil d'État ló jẹ́ olórí èyí. Láti ọdún 1989 ni Nantes ti ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí àtẹ̀gùn kejì. Kò ní in lórí ti àkọ́kọ́. Nantes náà sì ni ìjọba Faransé kó àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀hónú físà sí, ìdí nìyẹn tí ẹjọ́ físà fi ń ti gbogbo ayé wá síbẹ̀, ìbáà jẹ́ láti Kútọnú tàbí láti Èkó. Abájọ tí orúkọ Nantes fi wà lẹ́nu àwọn ará ilé wa ju ti Rennes lọ.

Ó wá ku ti ààlà. Máàpù ìjọba ni ẹ ń wò, ilé ẹjọ́ kò sì tẹ̀ lé máàpù yẹn. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni àṣẹ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Rennes dé: Ille-et-Vilaine, Côtes-d'Armor, Finistère, Morbihan, àti Loire-Atlantique tí Nantes jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ dá ní Brest, Quimper, Lorient, Vannes, Saint-Brieuc, Saint-Malo, Saint-Nazaire, Nantes tàbí Rennes fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan bá ní òun kò gbà, Rennes ni yóò forí lé. Ẹkùn Pays de la Loire tí ẹ ń gbé yìí kò tilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Mẹ́ta ló pín in mọ́wọ́. Rennes mú Loire-Atlantique. Angers mú Maine-et-Loire, Mayenne àti Sarthe. Poitiers mú Vendée. Bí ẹnìkejì yín bá ń ṣe irú iṣẹ́ yín gan-an ní La Roche-sur-Yon, tó sì jàre bí ẹ ti jàre, Poitiers ni ọ̀gá rẹ̀ ìbá fà á lọ.

Ní ti ẹjọ́ yín, ẹ mọ̀ pé Rennes yóò tún un gbọ́ látòkèdélẹ̀, kì í ṣe pé wọn yóò kàn wò ó bóyá adájọ́ ti àkọ́kọ́ ṣi òfin lò. Ẹ gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò, tàbí aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òfin fọwọ́ sí, tí yóò dúró fún yín. Bí owó kò bá sí lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé fún ìrànlọ́wọ́ ìjọba lórí owó lọ́yà. Láti ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá yín bá ti fi àlàyé wọn ránṣẹ́ sí yín, oṣù 3 ni ẹ ní láti fèsì, ilé ẹjọ́ kì í sì í fi ojú fo ọjọ́ yìí. Ẹ tún bi lọ́yà yín léèrè nípa owó iṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n san fún yín, nítorí pé nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́, irú owó bẹ́ẹ̀ di sísan lójú ẹsẹ̀ títí dé iye owó oṣù mẹ́sàn-án, bí ẹjọ́ tilẹ̀ wà níwájú ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ èyí, àwọn ọ̀gá kì í sì í rán wọn létí.

Ti ilé náà, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Rennes.

---

ÌyáTáíwò_Rennes fèsì pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Èmi ni ará Rennes tí lọ́yà ń wá. N kò mọ ohunkóhun nínú òfin, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wọ ilé náà, torí pé àwọn tó ń mú àlejò rìnrìn-àjò afẹ́ nínú ìlú máa ń ṣètò àbẹ̀wò síbẹ̀, bí ẹbí mi bá sì ti wá láti ilé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń mú wọn lọ.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dà yín láàmú. Láyé àwọn ọba Faransé, ilé ẹjọ́ ni «parlement», kì í ṣe ilé aṣòfin. Ní ọdún 1532 ni wọ́n so ilẹ̀ Bretagne mọ́ Faransé. Ní 1554 ni ọba Henri Kejì dá Parlement sílẹ̀ fún un, kó lè máa gba ẹjọ́ tó bá ti kọjá agbára àwọn kóòtù kéékèèké. Ẹ wá gbọ́ èyí, ẹ̀yin ará Nantes: ìlú yín àti ìlú wa ni ó kọ́kọ́ ń jókòó sí ní àyípòyípo, títí di ọdún 1561 tí wọ́n fìdí rẹ̀ kalẹ̀ sí Rennes nìkan. Nítorí náà, ìjà ta ni ilé ẹjọ́ tọ́ sí láàárín ìlú méjèèjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná.

Àwọn adájọ́ wọ̀nyẹn kò ní ilé tiwọn fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí wọ́n ń pè ní Cordeliers ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́. Ayàwòrán ilé kan tó jẹ́ ti ìlú, Germain Gaultier, ló kọ́kọ́ ya bí ilé tuntun yóò ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ránṣẹ́ pe Salomon de Brosse, ẹni tó kọ́ ààfin Luxembourg fún ìyá ọba, Marie de Médicis, ní Paris, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Faransé ń jókòó sí lónìí. De Brosse ló fún iwájú ilé náà ní ìrísí tó ní. Wọ́n fi òkúta àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní 1618, ọdún 1655 ni àwọn adájọ́ tó kó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ lọ́jọ́ ìfìdílélẹ̀ náà ti lè ní ọmọ-ọmọ kí wọ́n tó ṣí i.

Bí ẹ bá dúró ní gbàgede tó wà níwájú rẹ̀, ohun tí ojú yín yóò kọ́kọ́ bá pàdé ni pé irú òkúta méjì ló gbé ara wọn. Ìsàlẹ̀ jẹ́ òkúta akọ, èyí tí ilẹ̀ Bretagne fúnra rẹ̀ ní jaburata: ó le, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú ààrò, ẹnu òkúta kọ̀ọ̀kan sì hàn gbangba lára ògiri. Òkè jẹ́ òkúta ẹfun funfun tí wọ́n kó wá láti àfonífojì odò Loire, òun sì rọ̀ débi pé agbẹ́kùúta lè fín in bí ẹni fín igbá. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí òjò kò sì wọ́n wa ní Rennes, ìsàlẹ̀ á dúdú kirikiri, òkè á sì máa funfun bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ sá. Nígbà àtijọ́, àtẹ̀gùn ńlá kan wà níta tó gba iwájú ilé gun òkè lọ tààrà sí ibi tí àwọn adájọ́ ń jókòó. Iná ńlá kan jó ìlú Rennes ní oṣù Kejìlá ọdún 1720, ó jẹ ilé bí ẹni jẹ àgbàdo, ṣùgbọ́n kò dé ibi ààfin yìí. Ìgbà tí Jacques Gabriel ń tún gbàgede náà ṣe lẹ́yìn iná yẹn ni ó ní kí wọ́n wó àtẹ̀gùn náà. Mo máa ń rò ó pé ilé náà pàdánù nǹkan níbẹ̀, torí pé iwájú rẹ̀ ti wá le koko jù, bí ojú ẹni tí kò fẹ́ kí a kí òun.

Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ọlá sí. Yàrá tí wọ́n ń pè ní Grand'Chambre, àjà rẹ̀ jẹ́ igi tí wọ́n fín tí wọ́n sì fi wúrà bò, àwọn àwòrán tí Charles Errard àti Noël Coypel yà sì wà láàárín àwọn igi náà. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ìjókòó kéékèèké tó dà bí àpótí oníwúrà wà lára ògiri lókè, ibi tí àwọn àlejò pàtàkì ti ń yọjú wo ẹjọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ibẹ̀, ọrùn dùn mí di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé abẹ́ wúrà yẹn ni ẹ ó ti rojọ́, Ọ̀gbẹ́ni ỌmọÀjàṣẹ́. Ìjókòó pàtàkì àti ayẹyẹ ni wọ́n ń lò ó fún. Yàrá ẹjọ́ ojoojúmọ́ kò ní ariwo kankan lára.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn rẹ̀ ni ti ọdún 1675. Ọba Louis Kẹrìnlá ń jagun, owó sì ń tán lọ́wọ́ rẹ̀, ló bá gbé owó orí lé tábà, ó gbé e lé àwo tánganran òjé, ó sì ní ìwé kankan tó bá jẹ mọ́ ẹjọ́ tàbí àdéhùn kò gbọdọ̀ jẹ́ lórí pépà mìíràn bí kò ṣe èyí tí ìjọba ti tẹ òǹtẹ̀ lù tí wọ́n sì ń tà. Bretagne gbaná jẹ. Nígbà tí ọba paná rògbòdìyàn náà tán, ó lé àwọn adájọ́ Parlement kúrò ní Rennes lọ sí ìlú Vannes, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di 1690. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilé tí wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kọ́ fi ṣófo nítorí owó òǹtẹ̀.

---

ỌmọÀjàṣẹ́ kọ pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ́yà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Táíwò. Mo ti pe lọ́yà mi nípa owó oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ó ní òótọ́ ni, òun yóò sì kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun kan ṣì kù tí kò yé mi. Bí wọ́n bá ti pa Parlement rẹ́ nígbà ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, tí ìjọba sì ti yọ Nantes kúrò lára Bretagne, kí ló wá mú kí ti ilé ẹjọ́ wà bẹ́ẹ̀?

---

Lọ́yàKútọnú fèsì pé:

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe nǹkan méjèèjì kò bá ara wọn mu, ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ní 1790 ni wọ́n pa àwọn parlement rẹ́ jákèjádò Faransé, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì pín Bretagne sí ìpínlẹ̀ márùn-ún. Nígbà tí wọ́n wá dá ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1800, ìpínlẹ̀ márùn-ún wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n kó fún Rennes. Ìyẹn ni pé wọ́n yí orúkọ padà, wọ́n yí àwọn adájọ́ padà, wọ́n yí òfin padà, ilẹ̀ tí àṣẹ náà dé sì dúró síbi tí àwọn ọba fi í sí.

Ti ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn náà ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1941, nígbà tí Jámánì gba Faransé, ìjọba Vichy, ìyẹn ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe nígbà náà, fi àṣẹ kan yọ ìpínlẹ̀ Nantes, tí wọ́n ń pè ní Loire-Inférieure nígbà náà, ó sì fi í sábẹ́ Angers. Nígbà tí ìjọba tó wá lẹ́yìn ogun ń to àwọn ẹkùn ní àwọn ọdún 1950, wọn kò dá Nantes padà. Wọ́n fi ṣe olórí ẹkùn tuntun, Pays de la Loire. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ilé ẹjọ́. Títí di òní, àríyànjiyàn náà kò kúrò nílẹ̀. Ẹ ó ti rí i lẹ́yìn ọkọ̀ ní Nantes níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, «44 = BZH»: nọ́ńbà ìpínlẹ̀ yín ni 44, BZH sì ni gígé kúrú Breizh, orúkọ tí àwọn Bretagne ń pe ilẹ̀ wọn ní èdè tiwọn. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ ń bẹ ìjọba pé kí wọ́n dá Nantes padà sílé. Bó bá sì ní ẹjọ́, Rennes ni yóò bá ara rẹ̀ bí ẹni pé kò kúrò nílé rí.

Nínú àwọn ilé ẹjọ́ tí a jogún lọ́wọ́ Faransé ní Bẹ̀nẹ̀, irú ètò kan náà ni. Kútọnú, Abomey àti Parakou ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà, òfin ló sì to ìpínlẹ̀ tí yóò máa lọ sí èwo. Ẹni tó ní ẹjọ́ kì í yàn fúnra rẹ̀.

---

Olùkọ́Ìtàn_Ìkòròdú kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o. Mo kàn ń kà á láti Ìkòròdú ni, ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló mú mi dá sí i.

Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ Nantes sì kàn wá. Nantes ni èbúté tó kó ẹrú jù ní ilẹ̀ Faransé, ìrìn-àjò tó lé ní 1,700 ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀ rìn wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dúró ní Ouidah, tí kò jìnnà sí ìlú ẹni tó béèrè ìbéèrè yìí. Abẹ́ àṣẹ Parlement tó wà ní Rennes ni Nantes wà ní gbogbo àkókò yẹn. Òfin wọn nígbà náà ni pé àṣẹ ọba kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn ní ilẹ̀ kan títí Parlement ibẹ̀ yóò fi kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ kan wà ní Faransé pé ẹrú kò sí lórí ilẹ̀ Faransé, pé ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ti di òmìnira. Ní 1716, ọba pàṣẹ pé olówó ẹrú tó bá ti ṣe àkọsílẹ̀ tó yẹ lè mú ẹrú rẹ̀ wá sí Faransé láti kọ́ iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn, kò sì ní pàdánù rẹ̀. Parlement ti Paris kọ̀, kò kọ ọ́ sílẹ̀. Parlement ti Bretagne kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹrú kan náà tó lè pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Paris kó sì jàre, ní Nantes, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀. Èyí ni mo fi máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ibi tí àṣẹ kóòtù kan dé lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ẹrú àti ọmọ. Bí ẹ bá ń gbé Nantes, ẹ lọ sí Quai de la Fosse létí odò. Ní ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ibi ìrántí kan síbẹ̀, wọ́n sì to gíláàsì pẹlẹbẹ kéékèèké sí ilẹ̀, orúkọ àwọn ọkọ̀ náà wà lára wọn.

Èkejì ni pé mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ Rennes yìí jóná rí. Ẹni tó bá rí ilé ẹjọ́ gíga Ìgbósẹ̀rẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn iná ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 kò lè gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó má bi í léèrè. Báwo ni tiwọn ṣe ṣẹlẹ̀, báwo sì ni wọ́n ṣe tún un kọ́?

---

ÌyáTáíwò_Rennes fèsì pé:

Olùkọ́, òótọ́ ni, n kò mẹ́nu bà á torí ọ̀rọ̀ mi ti gùn jù. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1994 ni. Àwọn apẹja láti etíkun Bretagne kó wá sí Rennes lọ́jọ́ náà, torí pé olórí ìjọba Faransé nígbà náà, Édouard Balladur, wà nílùú. Inú ń bí wọn pé owó ẹja ti já wálẹ̀, pé ẹja ilẹ̀ òkèèrè ló gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá ọlọ́pàá fìjà pẹẹ́ta títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú ohun tí wọ́n ń jù ni iná tí àwọn atukọ̀ máa ń yìn sójú sánmà nígbà tí wọ́n bá wà nínú ewu lójú òkun. Ọ̀kan nínú rẹ̀ bà sórí òrùlé ààfin náà, ó sì há sábẹ́ àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bò ó.

Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó rí i. Ìjà parí, àwọn apẹja wọ ọkọ̀ wọn lọ, àwọn ènìyàn lọ sùn, iná yẹn sì ń jẹ igi òrùlé díẹ̀díẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó ti kọjá agogo méjìlá òru kí ó tó bú jáde. Igi òrùlé tó ti wà níbẹ̀ láti ayé de Brosse gbẹ bí ẹ̀tù, ńṣe ló jó tí òrùlé sì wó. Àwọn panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ sáré kó ohun tí wọ́n lè kó. Àjà Grand'Chambre kò wó, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi paná bà á jẹ́ púpọ̀, wọ́n sì ní láti tú àwọn àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ fún àtúnṣe.

Alain-Charles Perrot ni ayàwòrán ilé tó darí àtúnkọ́ rẹ̀. Wọ́n dá gbogbo ohun tí ojú àlejò lè rí padà sí bó ṣe wà: òkúta pẹlẹbẹ lórí òrùlé, ère oníwúrà, igi fífín. Ohun tí ojú kò rí ni wọ́n yí padà, torí pé irin ni wọ́n fi gbé òrùlé náà dúró báyìí dípò igi. Àwọn kan nílùú yìí ṣì ń ráhùn pé kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá wọn ráhùn. Ilé ẹjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe àpótí ohun àtijọ́. Ní 1999 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn padà wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Ní ti Ìgbósẹ̀rẹ̀, ọkàn mi bà jẹ́ jù nítorí àwọn fáìlì tó bá a lọ, torí ògiri ṣeé tún mọ.

---

ỌmọÀjàṣẹ́ kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo lọ sí Rennes lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá láti lọ mọ ọ̀nà kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, torí n kò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ náà ni n ó máa bi ènìyàn léèrè. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi dé ní wákàtí kan àti díẹ̀, mo wọ métrò láti ibùdókọ̀ lọ sí République, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn dé gbàgede náà. Òjò ń rọ̀. Bí Ìyá Táíwò ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo bá a: ìsàlẹ̀ dúdú, òkè funfun. Mo fọwọ́ kan òkúta ìsàlẹ̀ yẹn, ó tutù, ó sì rí gbágungbàgun lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo wo òrùlé náà títí, mo ń wá ibi tí iná yẹn lè ti há, n kò rí àpá kankan.

Lọ́yà mi ti gba àlàyé àwọn ọ̀gá mi àná, ó ní ojú ewé méjìlélógún ni, òun sì ti ń kọ èsì. Kí oṣù 3 tó pé ni yóò ti fi ránṣẹ́. Ní ọ̀la, bí mo bá jí, n ó lọ sí Quai de la Fosse lọ ka orúkọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn.